Àdíját àti Ewé Tó Mu Òjé

Ọdún 1995 ni mo kọ́kọ́ rí Àdíját. A ń wá òdòdó tí a óò gbìn yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ká ní Ẹgbẹ́dá, ẹnìkan sì júwe àkùrọ̀ kan fún mi lẹ́yìn Ìgándò, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀ sọ́nà odò. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó pọn páńpù ìfọ́noògùn sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣí ewé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fọ́n omi sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́. Mo kí i, mo sì sọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti wá. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ kúrò lójú afẹ́fẹ́, tíṣà. Tí èyí bá kàn yín lójú, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́la?"

Mo bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé abẹ́ ewé ló ń fọ́n oògùn sí, tí kò fọ́n ọn sí orí rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju bí mo ti rò lọ. Lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ dáko ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Òkè-Ògùn ni wọ́n bí Àdíját sí. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe bíríkìlà, ló mú un wá sí Ìgándò ní nǹkan bí ọdún 1983, nígbà tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bíríkìlà kì í ríṣẹ́ lójoojúmọ́, Àdíját kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti ìkòkò tí kò ní nǹkan nínú. Ó lọ bá Bàbá Ọládòṣù, olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ etí odò náà, ó kúnlẹ̀, ó sì tọrọ ibi tí òun lè gbin ẹ̀fọ́ sí.

Ìdílé Ọládòṣù kì í gba owó lórí àkùrọ̀. Agbọ̀n ẹ̀fọ́ kan ni ìṣákọ́lẹ̀ wọn. Ní àsìkò kọ̀ọ̀kan, agbọ̀n tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ já kò gbọdọ̀ dé ọjà. Agboolé ni yóò lọ. Ewé láti orí gbogbo ebè tí àgbẹ̀ náà ń dá gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, yóò sè é lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo ọmọ ilé yóò jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Bàbá yóò ṣe àdúà fún ilẹ̀. Ebè tí ewé rẹ̀ kò bá sí nínú agbọ̀n, àgbẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn lè gbé ọkọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì ní di ìjà. Bí wọ́n ti ń ṣe é látayébáyé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ Àdíját pín sí. Ebè òkè kéré, ilẹ̀ rẹ̀ sì le díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú wà, ilẹ̀ tí kì í gbẹ pátápátá nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló ń gbìn síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń rán Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti àbúrò rẹ̀ níléèwé. Bí ènìyàn bá gba ebè òkè lọ́wọ́ Àdíját, yóò bínú. Bí ó bá gba ti ìsàlẹ̀, ó ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1990, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlátúnbọ̀sún gba ààyè lórí òkè tó kọjú sí àkùrọ̀ náà. Àlòkù bátìrì ọkọ̀ ló ń kó jọ. A máa fi àáké là wọ́n, a máa da omi inú wọn nù, a sì máa yọ́ òjé wọn nínú agbada irin. Àwọn apẹja láti ọ̀nà Àgbádárìgì ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè so ó mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í kí Àdíját láti òkè pé, "Ìyá Ṣaléwá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àdíját a sì dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ kò ní pa wá o!"

Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, ẹ̀fọ́ ebè ìsàlẹ̀ hù, ó sì dúró sójú kan bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Ewé rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Iṣan ewé nìkan ló tutù. Gbogbo àárín iṣan ti pọ́n rúsúrúsú. Àdíját da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Kò yí padà. Ó tún dà sí i, ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sàúdátù, tó dàgbà jù ú lọ tí ebè wọn sì pààlà, wá dúró tì í.

"Àdíját, ìgbẹ́ adìẹ tí o kó síbí yìí, tí mo bá sùn sórí ẹ̀, èmi náà á yọ ewé. Kì í ṣe ebi ló ń pa ẹ̀fọ́ rẹ jàre."

"Kí ló wá ń pa á, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé inú ẹrẹ̀ ni mo máa wà báyìí?"

Olúfúnkẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin tí ọ́fíìsì àgbẹ̀ ti ìjọba ń rán káàkiri àwọn àkùrọ̀ agbègbè náà. Ó ń gun alùpùpù kan tí ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ó wá wo ẹ̀fọ́ náà. Ó fa ìdí kan tu, ó fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀, ó sì gbé e sókè: gbòǹgbò náà kúrú, ó dúdú, kò ní irun lára. Ó wo ojú àgbàrá tó ti òkè wá, ó tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìdí agbada Ọlátúnbọ̀sún, ó sì padà wá.

Ó ní, "Ìyá Ṣaléwá, oúnjẹ wà nínú ilẹ̀ yín. Gbòǹgbò ni kò rí i gbé mì. Òjé tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè ló dí i lọ́nà."

"Òjé tí àwọn apẹja ń rà? Nínú ẹ̀fọ́ mi, Àǹtí?"

"Òun náà ni. Ẹ jẹ́ ká gba ibòmíràn fún ẹ̀fọ́ lóúnjẹ. Ewé náà ní ẹnu. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu náà pọ̀ sí."

Ó fún un ní ìyẹ̀fun kan nínú ọ̀rá. Irin wà nínú rẹ̀, síǹkì wà nínú rẹ̀, àti àwọn iyọ̀ mìíràn tí ewé ń fẹ́. Kí ó po díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí ó kán ọṣẹ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ó sì fọ́n ọn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ó ní kí ó da eérú igi sínú ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí eérú máa ń di òjé mú kí ó má lè rìn púpọ̀. Ó bu ilẹ̀ àti ewé láti òkè àti ìsàlẹ̀, ó ní òun ń gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò.

"Kí n tó padà dé, ẹ má jẹ nínú ti ìsàlẹ̀, ẹ má sì tà á."

Àdíját rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, èyí tó rí báyìí? Ta ni mo fẹ́ tà á fún, ewúrẹ́?"

Àṣìṣe tí ó ṣe lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ti dáko rí kò ní fi í rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ìdí ni ènìyàn ń bomi rin. Fífọ́n oúnjẹ sórí ewé jọ ọ́ lójú bí ẹni tó ń fi ọbẹ̀ pa ara. Kò yá páńpù ẹnikẹ́ni rárá. Ó po oògùn náà sínú agolo, ó sì rọra ń dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fún aláìsàn lẹ́kọ mu, títí ọ̀rá fi ṣófo. Sàúdátù bá a gbé agolo kejì. Ẹ̀fọ́ kò yí padà.

Nígbà tí Olúfúnkẹ́ dé tó gbọ́, ó gbá orí mú.

"Ìyá Ṣaléwá! Ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu, ẹnu yẹn náà lẹ tún ń da ẹ̀kọ sí!"

Sàúdátù ní, "Mo sọ fún un, Àǹtí. Mo ní kó fọ́n ọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ta la jọ gbé agolo?"

"Mo gbé agolo, àmọ́ nínú ọkàn mi, mò ń sọ fún ẹ."

Olúfúnkẹ́ mú ọ̀rá mìíràn wá, ó sì yá a ní páńpù. Ó dúró tì í ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó fi bí wọ́n ṣe ń yí ẹnu páńpù sókè hàn án, kí ìrì oògùn lè bá abẹ́ ewé. Àdíját kọ́ ọ. Ṣé ẹni tó ti fi ọwọ́ yí ewé láti kékeré ni yóò ṣòro fún? Kò pẹ́ tí ewé tuntun fi yọ lórí ẹ̀fọ́ náà, wọ́n sì tutù. Wọ́n fẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ lójú ọ̀nà a dúró wò ó. Ọlátúnbọ̀sún pàápàá kígbe láti òkè pé, "Ìyá Ṣaléwá, ẹ ti di olówó o!"

Àsìkò agbọ̀n ti tó. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pé ẹnu òun ti ń yún. Àdíját ra agbọ̀n tuntun, ó sì ń múra àtijá ewé nígbà tí alùpùpù Olúfúnkẹ́ tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tètè sọ̀kalẹ̀.

Ó ní, "Èsì ti dé. Ebè òkè mọ́. Ti ìsàlẹ̀ kò mọ́. Òjé wà nínú ewé náà."

"Ewé wo? Ti ìgbà yẹn, àbí èyí tó tutù yìí?"

"Mo tún bu nínú tuntun lọ. Òjé inú rẹ̀ dín díẹ̀, kò dín tó bí a ṣe fẹ́. Kò ṣeé jẹ, Ìyá Ṣaléwá."

"Ṣebí ẹ ní oògùn yẹn ń wò ó."

"Ewé ló ń wò. Ó ń fún ewé lágbára kó lè dúró níwájú òjé. Kò lè fa òjé jáde nínú rẹ̀." Ó bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù. "Ọmọdé ló máa ń pa lára jù. A máa wọ eegun wọn, a máa mú wọn gọ̀. Ó yẹ kí n ti là á mọ́lẹ̀ báyìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Àdíját wo ebè náà lọ títí. Ó ní, "Nígbà tó pọ́n rúsúrúsú, olóríburúkú gan-an kò lè rà á. Ní báyìí, ẹni tó bá rí i yóò ní kí n tà á fún òun."



Gbogbo àkùrọ̀ ló mọ ohun tó ń bọ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá wọ inú agbọ̀n, agboolé Ọládòṣù, tó kún fún ọmọ wẹ́wẹ́, yóò jẹ òjé. Bí kò bá wọ inú agbọ̀n, ebè ìsàlẹ̀ ti bọ́. Hàrúnà, àkọ́bí Bàbá, sì ti ń wá ọ̀nà àtigba ebè náà tipẹ́. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ omi.

Sàúdátù fa Àdíját sẹ́yìn igi. "Gbọ́. Tẹ̀tẹ̀ ni tèmi, tẹ̀tẹ̀ ni tìrẹ. Já tèmi kún agbọ̀n. Kò sí orúkọ lára ewé."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, Bàbá á ṣe àdúà, ebè á ṣì jẹ́ tìrẹ, ìwọ náà á máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, tí Ìyá Àgbà bá wá ní kí n tún já wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá fúnra wọn wá já a ńkọ́?"

Ọkọ Àdíját kò sọ jù pé, "Ohun tí o bá ṣe, má jẹ́ kí wọ́n rí ẹjọ́ rò sí wa lọ́rùn."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àdíját gbé agbọ̀n lọ sí agboolé. Agbọ̀n náà kò kún ìdajì. Bàbá Ọládòṣù wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń yí odó kiri lágbàlá. Àdíját kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà ṣí aṣọ kúrò lórí agbọ̀n.

"Háà. Àdíját, ṣé o ti jẹ díẹ̀ lọ́nà ni?"

"Ìyá mi, ti òkè nìkan ni."

Hàrúnà, tó fara ti ògiri, nà dìde. "Gbogbo yín ti gbọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ti kọ ìsàlẹ̀ sílẹ̀."

Bàbá ní, "Ṣé mo bi ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Àdíját, mo gba ibẹ̀ kọjá. Mo rí ẹ̀fọ́ rẹ. Mi ò rí irú ẹ̀ rí lórí ilẹ̀ yẹn láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé. Kí ló dé tí o fi fi í dù mí?"

"Bàbá, oògùn ló mú un tutù. Òjé oníbátìrì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu, mo mọ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni, mi ò bá tiẹ̀ dá a láṣà. Àwọn tó ń yí odó yìí ńkọ́?"

Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó fa ọmọ tó súnmọ́ ọn jù lọ mọ́ra.

Bàbá wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "O ń fọ́n oògùn sórí ilẹ̀ mi, o ò sọ fún mi."

"Ẹ darí jì mí, Bàbá. Mo rò pé bó bá ti sàn, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ta ló fún oníbátìrì ní òkè yẹn?"

Ìyá Àgbà wo Hàrúnà, Hàrúnà wo òrùlé.

Níkẹyìn ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá ẹni sórí ilẹ̀ tó bá ṣófo."

"Ẹni ni mo ní kí o wá. Ṣé mo ní kí o wá májèlé?"

Wọ́n se ewé òkè náà. Àdíját kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yó wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá kò ṣe àdúà. Ó ní kí Àdíját máa lọ, ó sì wọlé. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún un. Ó rìn dé ilé, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye oṣù tí ebè òkè nìkan lè fi bọ́ ilé.

Kò mọ̀ pé Bàbá Ọládòṣù ń dúró de òjò. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, arúgbó náà gbé agbòjò, ó sì wá dúró fúnra rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àkùrọ̀. Ó rí àgbàrá tó ń ti ìdí agbada bọ̀, tó ń hó yẹ́yẹ́ wọ ebè ìsàlẹ̀. Bí òjò ti dá, ó ránṣẹ́ pe Hàrúnà, ó pe Ọlátúnbọ̀sún, ó sì ní kí wọ́n pe Àǹtí alálùpùpù náà wá.

Ọlátúnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, mi ò mọ̀ pé ó ń pa nǹkan. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń dì í mú lójoojúmọ́." Ó na ọwọ́ náà síta. Ó ń gbọ̀n. Olúfúnkẹ́ bi í bó ṣe pẹ́ tó tí ó ti ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ó lọ sí ọsibítù láìdúró pẹ́.

Bàbá ní, "Ìwọ, kó agbada rẹ kúrò níbí. Hàrúnà ló mú ọ wá, Hàrúnà ló máa bá ọ wá ibi tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí, tí omi kò ti ní ṣàn lọ bá ẹnikẹ́ni." Ó kọjú sí Àdíját. "Ní ti ebè yìí, nígbà ayé mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ohun tó bá hù níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá lè sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Gbin ohun tí ẹnu kì í kàn."

Hàrúnà kùn pé, "Kí ni ẹnu kì í kàn tó ń bọ́ ènìyàn?"

Sàúdátù, tó ti ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá, gbójú sókè láti orí ebè rẹ̀. "Òdòdó ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí gbogbo àwọn onílé tuntun Ẹgbẹ́dá yìí ni? Wọn ò tíì ra bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ń ra òdòdó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó sì ṣe àdúà fún ilẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Kò rọrùn. Àdíját fúnra rẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀fọ́ tútù náà tu, ó sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé, nígbà tí àwọn tó ń kọjá ń ṣe háà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òdòdó kì í yára bí ẹ̀fọ́. Ọmọ́ṣaléwá dúró nílé fún sáà kan nítorí owó iléèwé. Òdòdó náà pọ́n rúsúrúsú ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fọ́ ti ṣe, nítorí òjé kò tíì kúrò nínú ilẹ̀, kò sì ní í tètè kúrò. Ó fi eérú sí i. Ó pọn páńpù, ó sì ń fọ́n oògùn sí abẹ́ ewé ní òwúrọ̀, láìsí ẹ̀rù, nítorí pé kò sí ẹni tó máa fi í se ọbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí wá. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà wá.

Bàbá Ọládòṣù jáde láyé ní ọdún 1997. Ọlátúnbọ̀sún fi òjé yíyọ́ sílẹ̀, ó sì padà sílé. Olúfúnkẹ́ ti lọ́kọ, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Ìkòròdú.

Àdíját ń gbé ní Ìpájà báyìí, nítòsí iléèwé Command, nínú yàrá méjì tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Ẹ̀bá títì ló ń pàtẹ òdòdó sí, ó sì máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìgándò láàárọ̀ Sátidé láti bomi rin àwọn tó wà lórí ebè ìsàlẹ̀.